Ríra ilẹ̀ oko nìkan kò lè mú kí ìjọba Amẹ́ríkà máa sanwó fún yín

Ẹ̀yin ará wa ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp. Ó ní ẹni tó bá ra ilẹ̀ díẹ̀ sí káńtì ìgbèríko, káńtì yóò máa sanwó fún un lọ́dọọdún kó má dáko. Wọ́n ní kí èèyàn kọ́kọ́ san owó ìforúkọsílẹ̀. Àbúrò mi ló fi ránṣẹ́ sí mi, ire ló sì rò.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Káńtì kọ́ ló ń san irú owó bẹ́ẹ̀; owó ìjọba àpapọ̀ ni, láti ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn, USDA. Ọ́fíìsì FSA (Farm Service Agency, ẹ̀ka USDA) tó wà ládùúgbò ló kàn ń gba ìwé wọlé.

Ó jọ pé ètò CRP (Conservation Reserve Program), tí òfin ọdún 1985 dá sílẹ̀, ni wọ́n gbọ́ fìrí. Lóòótọ́ ni wọ́n ń sanwó níbẹ̀ kí ilẹ̀ lè sinmi. Àmọ́ ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ kúnjú òṣùwọ̀n, wọ́n sì sábà máa ń fẹ́ kó ti wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín fún oṣù 12. Ìwé àdéhùn ọdún 10 sí 15 ni èèyàn yóò tọwọ́ bọ̀. Irú koríko tàbí igi tí wọ́n fọwọ́ sí ni yóò gbìn; igbó tó kàn hù fúnra rẹ̀ kọ́ o!

Ọ̀fẹ́ ni gbígba nọ́ńbà oko, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ilẹ̀ oko mọ̀, ní FSA. Ẹ wá ọ́fíìsì tó sún mọ́ yín lórí farmers.gov, kí ẹ mú ìwé ilẹ̀ yín dání lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí gbogbo ibi tí ẹ ti rí tàkọ́kọ́.