Alága Ti Tọ́ Rọ́ọ̀mù Wò, Ẹ Dákẹ́

Ẹ má béèrè bíà mọ́ ní Àkúrẹ́ tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n kà yín kún ènìyàn. Bíà ti di ti àwọn tó wá to àga. Wisikí náà ti ń rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó fi ń yangàn níjọ́sí, àlejò ni wọ́n ń gbé e fún báyìí. Ohun tó gbòde láàárín àwọn ẹni ńlá Alágbàka àti Ìjàpọ̀ ni rọ́ọ̀mù, ọtí ìrèké. Kì í sì í ṣe rọ́ọ̀mù kan ṣá o. Rọ́ọ̀mù aládùn ni, tó ti pẹ́ nínú àgbá, tó ti etí òkun Kàríbíánì wá, tí ìdérí rẹ̀ máa ń dún "pọ́ò" kí gbogbo ìjókòó lè bojú wẹ̀yìn wo ẹni tó ṣí i.

Bó bá jẹ́ pé wọ́n kàn ń mu ún ni, èmi ò ní sọ̀rọ̀. Ẹnu wọn lórí rẹ̀ ló ń dá mi lágara. Alága (alága kí ni, kò sẹ́ni tó mọ̀, a ṣáà bá orúkọ náà lára wọn ni) á kọ́kọ́ gbé gíláàsì sókè síná. Wọ́n á yí i po lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n á ti imú bọ̀ ọ́, wọ́n á di ojú, gbogbo wa á sì pa ẹnu mọ́ fún wọn, títí kan ẹni tó ń gé ẹran. Ìgbà náà ni wọ́n á kéde: "Mo ń gbọ́ òórùn fànílà. Mo ń gbọ́ ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ. Awọ àtijọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀." Ẹ̀ńjíníà tó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún á ní, "Alága, ẹ ò gbọ́ òórùn óòkù, igi tí wọ́n fi kan àgbá rẹ̀ ni?" Alága á ní àwọn ti gbọ́ ọ tipẹ́, àwọn kàn ń dúró kí àwọn wo ẹni tó máa gbọ́ ọ tẹ̀lé àwọn ni.

Fànílà kan ṣoṣo tí gbogbo wa mọ̀ ní tábìlì yẹn, inú áísìkiriìmù ló wà. Èmi ò sì tíì rí ìyá tó pàtẹ ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ lọ́jà Ọba tí Alága dúró ná an. Kò sẹ́ni tó gbọ́ òórùn àádùn nínú rọ́ọ̀mù yìí rí, kò sẹ́ni tó gbọ́ ti dòdò tó jó létí, bẹ́ẹ̀ òórùn méjèèjì wà níbẹ̀ kedere, tó bá jẹ́ pé imú la fẹ́ lò. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti Dókítà, tí kò tọ́jú aláìsàn rí láyé ẹ̀. Ìmọ̀ ìṣirò owó ló gbà á sí. Ó lá ètè, ó ní ṣokoléètì ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù lòun ń gbọ́ nínú ọtí náà. Oko kòkó bàbá rẹ̀ ní Ìdànrè ló rán an nílé ìwé. Ó ru kòkó, ó sá kòkó, ó sùn lórí àpò kòkó, àmọ́ ọjọ́ tó gbọ́ òórùn rẹ̀ nínú ife, Bẹ́ljíọ̀mù ló wá sí i lọ́kàn, ibi tí òtútù ò ti lè jẹ́ kí igi kòkó kan hù.

Lẹ́yìn òórùn, nọ́ńbà ló kàn. Wọ́n kọ 23 gàdàgbà sára ìgò Zacapa, ọ̀kan nínú àwọn rọ́ọ̀mù tí wọ́n ń mu. Alága á fi ìka lé e: "Ọdún mẹ́tàlélógún! Ọtí yìí ti wà láyé kí àbíkẹ́yìn mi tó dé." Ẹ̀ńjíníà á ṣí fìlà. Àmọ́ ìwé àwọn tó ń ṣe ọtí náà ní Guatemala fúnra wọn sọ ọ́: àdàpọ̀ ni. Èyí tó kéré jù nínú rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 6, èyí tó dàgbà jù ló lè tó 23. Wọ́n máa ń da àgbà àti ọmọdé pọ̀ láti inú àgbá kan sí òmíràn ni, èyí tó dàgbà jù á sì bá gbogbo wọn jẹ́ orúkọ. Tí a bá gbà bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ni gbogbo ilé wa, nígbà tí Màmá àgbà ṣì ń bá wa jókòó jẹun. Alága tún ní erékùṣù ni wọ́n ti gbé e wá. Guatemala kì í ṣe erékùṣù. Fẹnẹsúẹ́là tí rọ́ọ̀mù Diplomático ti ń wá kì í ṣe erékùṣù. Ilẹ̀ gbalasa ni àwọn méjèèjì, omi Kàríbíánì kàn fẹsẹ̀ kan etí wọn ni. Mo sọ èyí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kí n lọ wo bóyá áísì kù.

Ooru etí òkun Kàríbíánì máa ń mú ọtí tètè gbó nínú àgbá ju òtútù Scotland tí wọ́n ti ń ṣe wisikí lọ, bẹ́ẹ̀ náà ló ń fẹ́ púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ sí ojú ọ̀run. Wọ́n ń pe èyí tó bá fẹ́ lọ ní ìpín àwọn áńgẹ́lì. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, a mọ àwọn áńgẹ́lì náà lórúkọ: awakọ̀ Alága àti ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn tó ń fọ ife.

Ẹ wá jẹ́ ká dé ìdí adùn, torí òun gan-an ni wọ́n ń sanwó fún. Omi ìrèké ni wọ́n fi ń ṣe rọ́ọ̀mù, tàbí èyí tó kù nílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ṣúgà tán. Wọ́n á jẹ́ kó kan, wọ́n á gbé e kaná, ooru rẹ̀ á gba inú páìpù lọ di ọtí. Ṣúgà kì í bá ooru lọ. Ọtí tó bá jáde lẹ́nu páìpù yẹn mọ́ gaara, kò sì ní ṣúgà kankan nínú. Igi àgbá lè fún un láwọ̀, ó lè fún un ní òórùn, kò lè sọ ọ́ di oyin. Bó bá ti ń fà mọ́ ètè, ẹnìkan ló fi nǹkan sí i. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù pàápàá ṣòfin rẹ̀: láti 2021, ṣúgà inú rọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 20 lọ nínú lítà kan, ìyẹn bíi ṣíbí tíì márùn-ún, kí òfin tó dé, ọ̀pọ̀ gbajúmọ̀ rọ́ọ̀mù sì ti kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ní Sweden àti Finland, níbi tí ilé ìtajà ìjọba ti ń ta ọtí, wọ́n máa ń wọn ṣúgà inú rẹ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ síta kí ará ìlú rí i.

Alága kò mu mínírà mọ́ o. Dókítà gidi, ti ọsibítù, ti ní kí wọ́n jìnnà sí ṣúgà, tíì kíkorò ni wọ́n sì ń mu láàárọ̀ pẹ̀lú ojú ríro. Tó bá di alẹ́, wọ́n á ṣí ìgò, wọ́n á ní ọtí àgbà kì í pa ènìyàn.

Èmi ò sọ pé kò dùn. Ó dùn! Mo ti mu ún, màá sì tún mu ún bí Alága bá tún ṣí i, kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ yìí gba ife lọ́wọ́ mi. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọmọ ẹnìkan nínú wa ti ìlú òyìnbó dé, tó gbé ìgò Foursquare ti Barbados wá, ilé ọtí tí kì í fi ṣúgà sí tirẹ̀ rárá. Alága tọ́ ọ wò, ojú wọn kọ́rẹ́. "Féèkì ni." Ẹ̀ńjíníà ní ó rorò. Dókítà wá Bẹ́ljíọ̀mù inú rẹ̀ títí, kò rí i. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Dádì, ẹ má bínú o, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, wọn ò da nǹkan kan mọ́ ọn ni." Alága ní ahọ́n ọmọdé ò tíì gbó. Ni wọ́n bá bu Kóòkì lé e títí ó fi dúdú, wọ́n mu ún, wọ́n mi orí: "Ẹ̀n-ẹ́n. Ó ti ń bọ̀ sípò."

Ìyá alágbo kan wà lẹ́bàá gáráàjì Ìlẹ̀ṣà tó ń fi ògógóró Ìkálẹ̀ rẹ epo igi àti egbò, tó ń fi oyin bù ú lójú. Ẹ wò ó: ọtí tó gba páìpù kọjá, igi nínú rẹ̀, adùn nínú rẹ̀, àwọ̀ pupa lójú rẹ̀. Alága kì í fẹ́ kí mọ́tò àwọn dúró níbẹ̀. Ọtí àwọn ọlọ́kadà, wọ́n ní. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ṣòfin nígbà àmúnisìn pé ẹni bá se ògógóró nílẹ̀ wa á ṣẹ̀wọ̀n, òun kan náà ló ń bu rọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọ ogun orí omi rẹ̀ lójoojúmọ́ títí di 31 July 1970, ó sì dà bíi pé ẹ̀kọ́ náà wọ̀ wá lára ju ìṣirò lọ. Tiwa náà ṣáà wà nínú rọ́ọ̀mù yẹn. Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, tí wọ́n ń pè ní Lukumí, wà lára àwọn tó gé ìrèké tó sọ erékùṣù náà di olówó ṣúgà. Dòní, àwọn tó ń bọ Ẹlẹ́gbára níbẹ̀ ṣì ń fi ẹnu fẹ́ ọtí ìrèké sí i lára. Ẹlẹ́gbára ò béèrè nọ́ńbà rí.

Àsun ni wọ́n fi ń mu ún ní tábìlì Alága, àsun Oǹdó tí kò tijú ata. Lẹ́yìn ègé kejì, kò sí ahọ́n tó lè mọ fànílà yàtọ̀ sí kẹrosíìnì mọ́, ìgbà náà gan-an ni ìdájọ́ sì máa ń gbóná. Owó ìgò kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ ra odidi ewúrẹ́. Ìgò ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ewúrẹ́ ni wọ́n ń jẹ ní àwìn. Ìyá alásun kò dá sí ọ̀rọ̀ awọ àtijọ́ rí. Ìwé kékeré kan ló wà lápò ìró rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì yẹn, gbèsè àsun nìkan ni ọjọ́ orí rẹ̀ dájú: ó kọ déètì sí i, kò sì da tuntun pọ̀ mọ́ ti àtijọ́.