Insole kì í pa iná ẹsẹ̀ àtọ̀gbẹ

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ n'Ìbàdàn, tó bá ráhùn pé àtẹ́lẹsẹ̀ òun ń jó, tó sì ń gún òun bí abẹ́rẹ́, kò ní pẹ́ gbọ́ ìmọ̀ràn yìí: "Ẹ wá insole, ìtẹ́ inú bàtà, tó rọ̀ dáadáa kì bọ inú bàtà, jíjó náà á lọ." Àwọn tó ń tà á ní Dùgbẹ̀ ń sọ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń polówó rẹ̀ lórí fóònù náà ń sọ ọ́, àwọn ọmọ tó wà lókè òkun sì ń rà á ránṣẹ́ sí ìyá àti bàbá wọn. Ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ìgbà tí ẹsẹ̀ náà máa ń jó jù. Òru ni, nígbà tí èèyàn ti dùbúlẹ̀, tí bàtà sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kí ni insole fẹ́ ṣe sí ìrora tó ń dé nígbà tí a kò wọ bàtà? Ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún gbọọrọ ló ba àwọn iṣan ìmọ̀lára jẹ́. Èyí tó gùn jù ló sì ń kọ́kọ́ bàjẹ́, ìyẹn àwọn tó dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìka, ní ẹsẹ̀ méjèèjì, tí á wá máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń dín in kù ni kí ṣúgà wà níbi tó yẹ, àti oògùn iṣan tí dókítà bá kọ: amitriptyline, duloxetine, pregabalin tàbí gabapentin. Paracetamol kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Ẹni tó ti ń lo metformin fún ọ̀pọ̀ ọdún tún yẹ kó ní kí wọ́n yẹ fítámì B12 òun wò, nítorí metformin lè fà á wálẹ̀, àìtó rẹ̀ náà sì lè jẹ́ kí ẹsẹ̀ máa jó.

Kí wá ni insole wà fún? Ẹ ro ti òṣùká. Kì í dín ìwọ̀n ẹrù kù. Ó ń tẹ́ ẹ káàkiri kó má baà gún orí lójú kan. Bí èèyàn bá ń rìn, abẹ́ àtàǹpàkò àti àwọn egungun tó yọrí nídìí ọmọ ìka ni ìwọ̀n ara ń tẹ̀ jù. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé á yí i padà bó bá ti ń dùn ún. Ẹni tí iṣan rẹ̀ ti kú kò ní mọ̀. Á máa tẹ ojú kan náà títí awọ ibẹ̀ á fi yi, ẹ̀jẹ̀ á dà sábẹ́ awọ tó yi náà, egbò á sì là. Ẹsẹ̀ tó nílò insole jù lọ, ẹsẹ̀ tí kì í dunni rárá ni. Ohun tó ń bà wá nínú jẹ́ nìyí: ẹni tí jíjó rẹ̀ dáwọ́ dúró á máa dúpẹ́ pé insole ti wo òun sàn, nígbà tó lè jẹ́ pé iṣan náà ló kú tán.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò nílé. Kí ẹni náà dijú. Ẹ fi ìka yín kan orí àtàǹpàkò rẹ̀, ìka kẹta àti ìka tó kéré jù, ní ẹsẹ̀ méjèèjì, fẹ́ẹ́rẹ́, fún ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fi ọwọ́ ra á. Ojú mẹ́fà ni. Bí kò bá mọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìmọ̀lára ẹsẹ̀ náà ti dín kù, kí ó lọ rí dókítà, UCH ni o, Adéọ̀yọ́ ni o. Níbẹ̀, okùn ọ̀rá tó ń tẹ̀ bí agbára gíráàmù 10 bá kàn án ni wọ́n ń lò.

Rírọ̀ nìkan kò tó. Ẹ fi àtàǹpàkò ọwọ́ tẹ insole olówó pọ́ọ́kú: bí ọwọ́ bá kan ìsàlẹ̀, egungun náà á kàn án. Èyí tí wọ́n ṣe fún ẹsẹ̀ ẹnì kan, wọ́n á kọ́kọ́ tẹ ẹsẹ̀ náà sínú àpótí fóòmù, wọ́n á da POP sí i láti rí bátànì rẹ̀, kí wọ́n tó to ìpele lé ara wọn. Òkè sábà máa ń jẹ́ fóòmù tí wọ́n ń pè ní Plastazote, mìlímítà 3 sí 6, tó ń gba àwòrán ẹsẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni fóòmù mìíràn, Poron, nǹkan bíi mìlímítà 3, tó ń ta padà. Ìsàlẹ̀ ni fóòmù EVA tó le díẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ má baà rì. Bí wọ́n bá fi òkìtì kékeré kan sí i, ẹ̀yìn àwọn egungun ìdí ìka ló yẹ kó wà, mìlímítà 5 sí 10 sẹ́yìn. Bó bá bọ́ sábẹ́ egungun gan-an, ṣe ló ń fi kún ìnira ibẹ̀. Èyí tó jẹ́ ike líle, ẹ má fi sábẹ́ ẹsẹ̀ tó ti kú.

Bàtà ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Insole bẹ́ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan. Bí ẹ bá tì í bọ inú bàtà ọ́fíìsì lásán, ẹsẹ̀ á gòkè, orí ìka á máa ha òkè bàtà, egbò á sì yọ níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yọ ìtẹ́ tó bá bàtà wá. Inú bàtà gbọ́dọ̀ gùn ju ìka tó gùn jù lọ ní sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2. Ẹ dúró lórí páálí, ẹ ya ẹsẹ̀, ẹ gé e, ẹ tì í bọ inú bàtà: bí etí rẹ̀ bá ká, bàtà náà há. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ rà á, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀. Sálúbàtà fóòmù tí kò ní okùn lẹ́yìn kò dáa, nítorí ìka á máa ká láti dì í mú. Aránbàtà tó mọṣẹ́ lè rán okùn ẹ̀yìn sí i.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wákàtí kan péré. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ wo ẹsẹ̀. Bí ojú kan bá pọ́n tí kò sì wálẹ̀ láàárín ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ dá a padà fún ẹni tó ṣe é. Bí kò bá sí nǹkan, ẹ máa fi wákàtí kan kún un lójoojúmọ́. Plastazote máa ń rì láàárín oṣù mélòó kan. Ní Amẹ́ríkà, Medicare, ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, ń bá alátọ̀gbẹ tó bá yẹ fún un san owó insole fún ẹsẹ̀ méjèèjì, ìgbà mẹ́ta lọ́dún. Ẹ máa sá insole náà gbẹ níbòòji. Kí ẹ tó wọ bàtà, ẹ fi ọwọ́ wá inú rẹ̀ bóyá òkúta tàbí ìṣó wà níbẹ̀. Ní mọ́ṣáláṣí, ẹ wọ bàtà dé ẹnu ilẹ̀kùn, nítorí kọ́ńkéré tí oòrùn pa lè jó ẹsẹ̀ tó kú láìsí pé ẹ mọ̀.

Bí egbò bá ti wà lábẹ́ ẹsẹ̀, insole kò lè mú un jiná. Irú POP tó gba ẹsẹ̀ dé abẹ́ orúnkún ni wọ́n sábà máa ń fi sí i, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dé ẹsẹ̀ dáadáa. Bó bá sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú, tó pọ́n, tó gbóná ju èkejì lọ, bí kò tiẹ̀ dunni, egungun inú rẹ̀ lè máa fọ́ lọ. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ, nínú ọkọ̀, ẹ má fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀.