Fífi ẹja du ọmọ kò dènà àlẹ́jì ẹja

“Ẹ má tíì fún un lẹ́ja o, ìfun rẹ̀ ò tíì gbó.” Bóyá ni òbí kan wà tí kò tíì gbọ́ ọ rí. Ẹnì kan á ní kí ọmọ pé ọdún kan ná, ẹlòmíì á ní ọdún méjì, òmíràn á fà á dé mẹ́ta. Àlàyé wọn ò ju ẹyọ kan lọ: bí ẹja bá tètè dé ẹnu ọmọ, ara rẹ̀ á máa kọ ẹja títí ayé. Ó jọ òótọ́, àmọ́ kì í ṣe òótọ́.

Àwọn tó ń sọ ọ́ kò kúkú hùmọ̀ rẹ̀ fúnra wọn. Lọ́dún 2000, American Academy of Pediatrics, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, sọ pé bí àlẹ́jì bá wà nínú ìdílé, kí òbí má fún ọmọ ní ẹja àti ẹ̀pà àfi tó bá pé ọdún 3. Nígbà tó fi máa di 2008, ẹgbẹ́ kan náà ti yíhùn padà: wọn ò rí ẹ̀rí gidi kan pé fífi oúnjẹ wọ̀nyí du ọmọ tó ti kọjá oṣù 4 sí 6 ń dáàbò bò ó. Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ ti tàn káyé. Àtúnṣe rẹ̀ ni kò rẹ́ni gbé e kiri.

Ti ìfun tí kò gbó yẹn ńkọ́? Lọ́dún 1921, ní Jámánì, dókítà kan wà tó ń jẹ́ Heinz Küstner tí ara rẹ̀ kì í gba ẹja sísè. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Carl Prausnitz, tí kò ní àlẹ́jì ẹja ní tiẹ̀, gba omi ara ẹ̀jẹ̀ Küstner, ó gún un sábẹ́ awọ ara òun alára. Lọ́jọ́ kejì, ó gún omi ẹja sójú ibẹ̀. Ojú ibẹ̀ wú, ó sì ń yún un. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ìjà náà wà. Àgbàlagbà sì ni Küstner o, ìfun rẹ̀ ti gbó tipẹ́! Láàárín ọdún 1966 sí 1967 ni wọ́n tó dá ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà mọ̀, tí wọ́n ń pè ní IgE, ọ̀kan lára àwọn ọmọ ogun tí ara fi ń gbèjà ara rẹ̀. Purotéènì ẹja tí IgE sábà máa ń bá jà ni parvalbumin, iná kì í sì í tètè bà á jẹ́. Nítorí náà, ẹni tó ní “ẹ ṣáà sè é jinná dáadáa” fún ọmọ tó ti ní àlẹ́jì ẹja ń ṣi òbí lọ́nà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yí bírí nìyí. Ohun tó bá gba ẹnu wọlé, ara ọmọ sábà máa ń kọ́ láti fara mọ́ ọn. Ohun tó bá gba awọ tó sán wọlé, bíi ti ọmọ tó ní eczema, tí awọ rẹ̀ ń gbẹ tó sì ń yún un, olè ni ara máa ń kà á sí. Ìwọ wo ilé tí gbogbo èèyàn ti ń jẹ ẹja àfi ọmọ nìkan: ẹja wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e, ó wà lára tábìlì, ó tilẹ̀ wà nínú eruku ilé. Ẹnu nìkan ni wọ́n tì pa, awọ ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ẹ̀pà ni wọ́n fi dán èyí wò jù. Lọ́dún 2015, dókítà kan tó ń jẹ́ Gideon Lack àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London gbé èsì ìwádìí wọn jáde lórí ọmọ 640 tí wọ́n jẹ́ ọmọ oṣù 4 sí 11 nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé ọdún 5, àlẹ́jì ẹ̀pà pọ̀ gan-an láàárín àwọn tí wọ́n fi ẹ̀pà dù ju àwọn tó ń jẹ ẹ́ lọ. Ẹ̀pà kọ́ ni ẹja, mo gbà, ẹ̀rí ti ẹja ò sì lágbára tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ní Sweden, ìwádìí kan tó jáde ní 2009 rí i pé eczema kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lára àwọn ọmọ tó ti jẹ ẹja kí wọ́n tó pé oṣù 9.

Kò yẹ kẹ́nikẹ́ni torí èyí sọ pé kò sí àlẹ́jì ẹja. Ó wà, ó sì lè pa èèyàn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí méjì, ètè lè wú, ara lè lé, ọmọ lè máa bì, tàbí kí mímí nira fún un. Bó bá ti kan mímí, abẹ́rẹ́ adrenaline àti ilé ìwòsàn ló kù, kíákíá. Ọmọ tí dókítà ti ní ó ní in, kí wọ́n má dán an wò nílé mọ́. Èéfín ẹja tó ń hó lórí iná nìkan lè mú kí ara rẹ̀ kọ̀. Ọmọ tí eczema rẹ̀ le, tàbí tí ara rẹ̀ ti ń kọ oúnjẹ mìíràn, kó kọ́kọ́ rí dókítà.

Fún ọmọ yòókù, nǹkan bí oṣù 6, tó ti ń jẹ oúnjẹ mìíràn, ti tó. Ẹ ṣa eegun kúrò, kó jinná, kó kéré, kó jẹ́ ojú mọmọ nígbà tí ara rẹ̀ yá. Ẹ yẹra fún àwọn ẹja ńláńlá inú òkun tó ń pa ẹja ẹlẹgbẹ́ wọn jẹ, nítorí mẹ́kúrì, májèlé kan tó máa ń pọ̀ lára wọn. Bó bá jẹ ẹ́ tí nǹkan kan ò ṣe é, ẹ máa fún un lọ ni: àwọn ọmọ tí Lack fún lẹ́pà, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń jẹ ẹ́, títí wọ́n fi pé ọmọ ọdún márùn-ún.