Ṣé ẹni tó wà níta kì í jẹun ni?

Mo wo àlàyé ọ̀gbẹ́ni kan lórí ayélujára lánàá, inú sì ń bí mi títí di àárọ̀ yìí. ADC tó ṣe fún sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà, ìyẹn ẹ̀yà tó ń sọ fóltéèjì di nọ́ńbà, ló fi ń yangàn. Ó gbé àwòrán kan síta, àmì kékeré-kékeré ti iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn wà lókè, tiẹ̀ nìkan dá wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó sì kùn ún ní pupa. Ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tí ADC rẹ̀ ń jẹ iná kéré tó tiẹ̀. Àtẹ́wọ́ ń dún. Mo tẹ ìbéèrè kan ránṣẹ́: ẹ jọ̀ọ́ sà, iná tí reference buffer (èyí tó ń di reference, fóltéèjì tí ADC fi ń wọn nǹkan, mú ṣinṣin) ń jẹ ńkọ́, ṣé ẹ kà á mọ́ ọn? Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ìyẹn wà níta ṣíìpù." Wọ́n bá bọ́ sórí ìbéèrè ẹlòmíràn.

Níta ṣíìpù! Ṣé ẹni tó wà níta kì í jẹun ni?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ ohun tí mò ń sọ. SAR ló lò, irú ADC kan tó ń fi ìbéèrè lórí ìbéèrè wá iye fóltéèjì. Ọgbọ́n inú SAR ò kéré lóòótọ́: fóltéèjì yìí ju ìdajì reference lọ àbí kò jù ú, ó tún pín èyí tó kù sí méjì, ó tún béèrè. Bíìtì (òǹkà 0 tàbí 1) 12, ìbéèrè 12, ó parí. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá béèrè ni àwọn capacitor inú rẹ̀ (ẹ̀yà kékeré tó ń tọ́jú iná) ń fa iná lára reference, reference ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ padà dúró ṣinṣin kí ìbéèrè tó kàn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá fojú inú wo òpó píksẹ́lì 4,000 lórí sẹ́ńsọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ADC tiẹ̀, tí gbogbo wọn ń fà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ló ń gbé ẹrù yẹn? Buffer tó "wà níta" ni. Ó dà bí ẹni tó gun òṣùwọ̀n, tó fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó wá ń pariwo pé òun ti rù.

Àwọn kan á ní kí n lọ lo single-slope, irú ADC mìíràn, pé òun ni kò ní wàhálà. Hẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí single-slope fojú mi rí.

Ṣíìpù àkọ́kọ́ tí mo bá wọn ṣe, single-slope ni. Ramp kan ṣoṣo, ìyẹn fóltéèjì tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, gbogbo òpó ń wò ó, counter sì ń ka ìgbà tó ń lọ. Bí ramp bá ti kọjá fóltéèjì òpó kan, comparator òpó yẹn (èyí tó ń fi fóltéèjì méjì wéra) á yí, a ó sì mú iye tí counter kà dé. Bíìtì 12 ń fẹ́ kíkà 4,096. Bí clock tí counter ń tẹ̀lé bá jẹ́ 1 GHz, ìyẹn kíkà bílíọ̀nù kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, microsecond 4 lé díẹ̀ ti lọ lórí ìlà àwòrán kan. Ẹ fi bíìtì kan kún un, àkókò di ìlọ́po méjì. Ìyẹn ò dùn mí, a ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òpó kan tí a dán wò lórí kọ̀ǹpútà mọ́ tónítóní.

Ṣíìpù dé. A gbé bébà funfun síwájú kámẹ́rà, a lẹ tépù dúdú kan mọ́ àárín rẹ̀. Àwòrán jáde. Lọ́tùn-ún lósì tépù yẹn, òjìji fẹ́ẹ́rẹ́ kan nà tààrà dé etí àwòrán, ó ga bí tépù ṣe ga gẹ́lẹ́, bí ẹni pé ẹnì kan fi ìka tó ní eérú fà á. Kò sì sí nǹkan kan lórí bébà. A pààrọ̀ lẹ́ńsì. A pààrọ̀ gílóòbù. Ọ̀gá wa fi etí ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ nu lẹ́ńsì tuntun náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta!

Ramp ni. Lórí ìlà tó funfun láti etí kan dé èkejì, gbogbo comparator ń yí nígbà kan náà, wọ́n sì ń jùmọ̀ ti ramp. Lórí ìlà tí tépù wà, àwọn tó ń yí nígbà yẹn dín kù, ramp ò mì tó ti tẹ́lẹ̀, iye tí a kà sì yàtọ̀ ní bíńtín. Ojú èèyàn lè fo ariwo, ìyẹn àṣìṣe kéékèèké inú àwòrán, tó bá fọ́n káàkiri, ṣùgbọ́n bó bá ti tò ní ìlà, á rí i. Báwo la ṣe wò ó sàn? A fún ramp ní buffer tó lágbára. Iná tí a fi ń yangàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè.

    

Lálẹ́ àná, mo fẹ́ kọ èsì gbígbóná sí ọ̀gbẹ́ni yẹn, mo ní kí n kọ́kọ́ ṣí ìwé tí àwa náà kọ lórí ṣíìpù wa, kí n fi hàn án bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo dé ibi àtẹ ìfiwéra. Ìràwọ̀ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye iná wa. Mo wo ìsàlẹ̀, lẹ́tà wínníwínní: a kò ka ramp generator, ẹ̀yà tó ń ṣe ramp, mọ́ ọn.

Èmi ni mo kọ ọ́. Mo tiẹ̀ rántí ọjọ́ náà. Nínú àwọn tí a fẹ́ fi ara wa wé, kò sẹ́ni tó kà á. Bí àwa nìkan bá kà á, àwa la máa dà bíi wọ̀bìà láàárín wọn. Ọ̀gá ní kí n fi ìràwọ̀ sí i, pé ìràwọ̀ kì í ṣe irọ́. Mo gbà nígbà yẹn.

Èsì tí mo kọ sí ọ̀gbẹ́ni yẹn ṣì wà nínú fóònù mi. N ò tíì fi ránṣẹ́.