Láti Resolute dé Grise Fiord: bàálù á lo wákàtí mélòó?

Túndé Rúlà: Ẹ bá wa dá sí i. Ìlú méjì tí àwọn Inuit, ọmọ ìbílẹ̀ ilẹ̀ yìnyín, ń gbé ni Resolute àti Grise Fiord ní Nunavut, lókè téńté Kánádà. Ọ̀rẹ́ mi ní bàálù ò lò tó wákàtí méjì láàárín wọn. Irọ́ ni! Lóńgítúdì (ìlà òòró orí máàpù) ọ̀kan jẹ́ 95, ti èkejì 83. Dígírì 12 nìyẹn. Ẹ fi kìlómítà 111 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 1,332.

Ìyá Ìbejì Ottawa: Túndé, àárín ayé níbi tó ti sanra ni 111 tìẹ yẹn wà. Bó ọsàn kan, kó o yọ awẹ́ kan níbẹ̀. Ṣé o rí i pé ikùn rẹ̀ fẹ̀, orí rẹ̀ sì ṣóńṣó? Lókè ọ̀hún, dígírì lóńgítúdì kan ò ju bíi kìlómítà 28 lọ. Grise Fiord tún fi díẹ̀ wà lókè sí i. Ká ṣírò gbogbo ẹ̀ pọ̀, bíi 385 ni.

Túndé Rúlà: Àǹtí, ẹ má bínú, mo fi rúlà wọ̀n ọ́n lórí máàpù fóònù mi o.

Ìyá Ìbejì Ottawa: 😂 Máàpù yẹn ń na òkè ayé bíi rọ́bà ni. Wo Greenland níbẹ̀, àfi bíi pé òun àti Áfíríkà jọ ga. Bẹ́ẹ̀ Áfíríkà tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po 14.

Ṣèyí: Bó bá jẹ́ 385, jẹ́ẹ̀tì á débẹ̀ kí tíì tó tutù.

Bàbá Ẹ́ńjìnnì: Jẹ́ẹ̀tì wo, ọmọ mi? Pápá Grise Fiord kúrú, òkúta wẹ́wẹ́ ló wà nílẹ̀ ẹ̀, òkè sì dúró tì í gbọnin. Twin Otter ló ń bà síbẹ̀, ẹlẹ́ńjìnnì méjì tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fò. Eré rẹ̀ ò ju bíi kìlómítà 280 ní wákàtí kan. Wákàtí kan àbọ̀ ni kó o kà. Bí atẹ́gùn bá dojú kọ ọ́, ó lé.

Rónkẹ́: Ẹ̀yin ń ka èyí tó wà lókè, ẹ ò ka ìjókòó tó wà nílẹ̀. Bí kùrukùru bá bo òkè yẹn, ọjọ́ lẹ máa kà, kì í ṣe wákàtí. Kò sì sí mọ́tò tẹ́ ẹ máa wọ̀, erékùṣù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ṣèyí: Kí ló tiẹ̀ gbé àwọn Inuit yẹn débẹ̀?

Rónkẹ́: Wọ́n kó wọn lọ ni. Ní 1953, ìjọba Kánádà fi ọkọ̀ ojú omi kó àwọn ìdílé láti Inukjuak ní Québec, bíi kìlómítà 2,000 sísàlẹ̀. Wọ́n ní bí ọdún méjì bá pé tí kò bá wù wọ́n, wọ́n lè padà. Wọn ò mú ìlérí náà ṣẹ. 2010 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tọrọ àforíjì. Qausuittuq ni Inuit ń pe Resolute, ibi tí ilẹ̀ kì í mọ́.

Túndé Rúlà: Há! Ó dáa, mo gbà lórí 385. Mo ti jẹ ọsàn náà tán, àǹtí.