Ẹ fi ìyàwó Tsar sílẹ̀ jàre, kì í ṣe amí

Àná ni bọ̀ọ̀dá kan tún gbé e wá sórí WhatsApp ẹbí wa, pé Alexandra ìyàwó Tsar, ọba tó jẹ kẹ́yìn ní Rọ́ṣíà, amí ni, pé òun ló ń ta àṣírí Ogun Àgbáyé Kìíní fún Kaiser, ọba Jámánì tó jẹ́ ìbátan ẹ̀. Mo ní níbo lẹ ti gbọ́ ọ, wọ́n ní gbogbo ayé ló mọ̀. Gbogbo ayé wo?

Lóòótọ́ Darmstadt ní Jámánì ni wọ́n ti bí i ní 1872, Alix lorúkọ ẹ̀ nígbà yẹn, àmọ́ ọmọ Queen Victoria nìyá ẹ̀, ìyá yẹn sì kú nígbà tí ọmọ wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ìyá àgbà tó wà ní Ìlú Ọba ló wá ń darí bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọ. Gẹ̀ẹ́sì lòun àtọkọ ẹ̀ fi ń kọ lẹ́tà síra wọn, mo ti ka díẹ̀ nínú ẹ̀. Kaiser gan-an, obìnrin yìí ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá.

Èyí tó yẹ kó pa yín lẹ́nu mọ́ rèé o. Ní 1917 tí Tsar kúrò lórí oyè, ìjọba tuntun gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde, wọ́n tú gbogbo ìwé obìnrin yìí wò. Kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀ o! Milyukov tó di mínísítà nínú ìjọba yẹn ló dúró ní Duma, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn, ní November 1916 tó ń bi wọ́n léèrè pé ṣé ìwà òmùgọ̀ nìyí àbí ìwà ọ̀dàlẹ̀. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí ẹ̀rí kankan pé ó ta Rọ́ṣíà. Ẹni tẹ́ ẹ ní ó ń ṣe amí, òun àti Olga pẹ̀lú Tatiana ọmọ ẹ̀ ló kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń di egbò sójà ní Tsarskoye Selo.

Ẹ máa ní Rasputin, aládùúrà tó gbọ́kàn lé yẹn, ńkọ́. Ọmọkùnrin ẹ̀ ní àrùn tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi í dá téèyàn bá fara pa, ìyá wo ni ò ní wá aládùúrà kiri? Ó dáa, mi ò lè búra pé gbogbo ohun tó bá Rasputin sọ ló dúró síkùn ọkùnrin yẹn.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ọmọ Iléṣà tó fẹ́ Ìjẹ̀bú ni mí, ọdún kọkàndínlógún rèé, bí owó ẹbí bá dín ní náírà kan, ojú "ìyàwó Ìjẹ̀ṣà yẹn" ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. "Obìnrin Jámánì yẹn" làwọn náà ń pè é, ogun ò lọ dáadáa, oúnjẹ wọ́n nílùú, wọ́n ṣáà gbọ́dọ̀ rẹ́ni dì í rù.

Ní 1918, nígbà tó gbọ́ pé Jámánì fẹ́ gbà wọ́n sílẹ̀, ó ní ó sàn kóun kú ní Rọ́ṣíà. Oṣù keje ọdún yẹn náà ni wọ́n yìnbọn pa á ní Yekaterinburg, tọkọ tọmọ márààrún.

Mo ti tẹ gbogbo èyí sí bọ̀ọ̀dá. Ó ti di búlúù, wọn ò tíì fèsì.