Àtúnṣe: Abẹ́ òkun ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà, kì í ṣe ojú ọ̀run

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn pé sátẹ́láìtì ló ń gbé gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ìsọfúnni tó ń ti ilẹ̀ kan sọdá òkun sí òmíràn, inú wáyà abẹ́ omi ló ń gbà. Ẹ la wáyà náà wò: fọ́nrán gíláàsì tó tín-ín-rín bí irun orí lẹ ó bá láàárín rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń sáré nínú wọn. Láti 1988 ni irú rẹ̀ ti la Àtìláńtíìkì kọjá! Sátẹ́láìtì wúlò gan-an níbi tí wáyà kò dé, mi ò bù ú kù. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lókè ní nǹkan bíi kìlómítà 36,000, ìbéèrè àti èsì á jẹ tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lójú ọ̀nà.